Ohùn Admin: Ọ̀rọ̀ Pancreas Ẹlẹ́dẹ̀ àti Àtọ̀gbẹ

Èmi admin yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ohùn tí mo fi sílẹ̀ lánàá, tiyín la kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹnì kan gbé ìpolówó kan wá sínú group wa. Wọ́n ní àwọn ń ta páúdà tí wọ́n fi ẹ̀yà inú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, pé òun ni àwọn òyìnbó fi ń wo àtọ̀gbẹ báyìí, pé ẹni tó bá ń lò ó lè fi abẹ́rẹ́ insulin sílẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan láàárín wa ń gún insulin lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, irọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Ẹran kan wà lẹ́yìn àpòlúkù wa tí wọ́n ń pè ní pancreas. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun, ó sì ń ṣe insulin, tó ń ti ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Inú àwọn kóró tíntìntín kan ni insulin ti ń wá. Wọ́n fọ́n káàkiri inú ẹran náà bí erékùṣù inú òkun, òyìnbó náà sì ń pè wọ́n ní erékùṣù. Paul Langerhans, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ rí wọn lọ́dún 1869. Pancreas èèyàn kan lè ní tó mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ gbogbo wọn pọ̀ kò ju bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 ẹran náà.

Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé: tí a bá lè yọ kóró yìí, ká fi sára ẹni tí tirẹ̀ ti kú, ṣé ara rẹ̀ ò ní máa ṣe insulin fúnra rẹ̀? Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń wò, torí insulin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èèyàn dọ́gba. Yíyọ kóró náà ni ìṣòro.

Àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yára. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró nínú pancreas, omi tó ń da oúnjẹ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran náà fúnra rẹ̀. Inú omi tútù ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n á gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ihò rẹ̀, wọ́n á fún èròjà kan tí wọ́n ń pè ní collagenase sínú rẹ̀ títí á fi wú. Iṣẹ́ collagenase ni láti jẹ okùn tó so ẹran pọ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó o sínú agolo irin kan tí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké wà nínú rẹ̀, tí asẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Camillo Ricordi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988. Wọ́n á mú un gbóná bí ara èèyàn, wọ́n á máa mì ín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á fi aró kan tó ń sọ kóró náà di pupa yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúnkantóbi. Tí wọ́n bá tètè dá a dúró, kóró á ṣì wà nínú ẹran. Tó bá pẹ́ jù, kóró á fọ́. Ti ẹlẹ́dẹ̀ tún ń tètè fọ́ ju ti èèyàn lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyókù dà bí ẹ̀wà tí a dà sómi kí pàǹtí lè léfòó. Wọ́n á dà á sínú omi tó ki, tó yàtọ̀ síra ní wíwúwo, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i. Kóró fúyẹ́, á dúró lókè. Ẹran ìyókù á rì. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un mọ́, torí inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń tú u sára èèyàn, ẹran púpọ̀ sì lè dí iṣan náà. Wọ́n tún á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà láàyè, bóyá kòkòrò àrùn ò sí níbẹ̀, àti bóyá ó ń tú insulin jáde tó bá rí ṣúgà.

Ibo ni wọ́n dé? Lọ́dún 2000, ní Edmonton ní Kánádà, àwọn dókítà fi kóró tí wọ́n yọ lára òkú èèyàn sára aláìsàn 7, gbogbo wọn sì bọ́ lọ́wọ́ insulin fún ìgbà kan. Lọ́dún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà kan tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, tí ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ gidigidi léraléra. Èèyàn ni kóró yẹn ti wá o, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa lo oògùn kí ara wọn má bàa kọ̀ ọ́. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà lórí ìwádìí, ara èèyàn máa ń kọ̀ ọ́ kíákíá.

Ẹ wá wo páúdà. Kóró tó ti gbẹ ti kú nìyẹn. Insulin tí a bá sì gbé mì, inú á dà á bí ẹran tí a jẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń gún un. Oògùn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n fi pancreas ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, wọ́n ń gbé e mì, àmọ́ àwọn tí oúnjẹ kì í dà nínú wọn ló wà fún. Kò kan àtọ̀gbẹ.

Àwọn mùsùlùmí wa tó ń bi mí nípa abẹ́rẹ́ wọn: láti 1982 ni wọ́n ti ń ta insulin tí wọ́n ń fi kòkòrò bakitéríà ṣe, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn yín kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹni tó ní oríṣi kìíní, tó bá já insulin sílẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti pa á. Tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́ gan-an, tó ń bì, tó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá, ẹ má ṣe dúró de ìparí ọjà. Ẹ fi èyí ṣọwọ́ sí àwọn tí kò sí nínú group. Ire o.