Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Èkó àti Ìbàdàn, ibo ni omíyalé ti léwu jù?

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn yìí ò ní tán lórí ayélujára. Ará Ìbàdàn á ní orí òkè làwọn wà. Ará Èkó á ní omi ò kúkú mọ olówó. Ta ló jàre?

1. Ilẹ̀ Èkó rẹlẹ̀, òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí òkun ń kún, omi gọ́tà ò ní ríbi ṣàn sí. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró ní Lẹ́kkí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí mọ́tò olówó ńlá á máa léfòó.

2. Tí wọ́n bá ṣí dáàmù Ọ̀yán, àwọn ará Èkó tó wà létí odò Ògùn náà á fara gbá a.

3. Ìbàdàn ńkọ́? Òkè yẹn gan-an ni ìṣòro. Òjò á rọ̀ sórí rẹ̀, omi á sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sínú odò tí ilé àti pàǹtí ti há mọ́. Odò Ògùnpa ya ní August 31, 1980. Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé. Ní August 26, 2011, èèyàn tó lé ní 100 ló bá omi lọ.

Lójú tiwa, omi Èkó ń ba dúkìá jẹ́ lemọ́lemọ́. Ti Ìbàdàn kì í wá lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó ń pààyàn.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ létí odò.