Yíya Àwòrán Ìlú láti Ojú Òfuurufú

Ojú ẹ̀rọ ayàwòrán kò lè gba gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ni a ṣe ń so àwòrán púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Dúróònù kékeré bí i Mavic Mini, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 249, lè ṣe iṣẹ́ yìí. A ó dá a dúró sójú kan lókè, a ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ìdámẹ́ta àwòrán kọ̀ọ̀kan lè tún hàn nínú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ oríkèé wọn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn a máa gbé ohun fífúyẹ́. Bí ó bá yẹ̀ kúrò lójú kan, ògiri tí ó wà nítòsí yóò dàbí èyí tí ó là sí méjì nínú àwòrán. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ni kí a ya á.