Epo Pupa, Hòmóònù àti Ọ̀nà Tuntun fún Ẹ̀jẹ̀

Ní ọjà Sango-Ọ̀tà, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, epo pupa wà nínú kẹ́ẹ̀gì, òróró wà nínú ike, ṣúgà wà nínú àpò. Fítámínì A, tàbí ohun tí ara fi ń ṣe é, wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdámọ́ ni ti epo pupa. Ti òróró, ṣúgà àti ìyẹ̀fun, ilé-iṣẹ́ ló ń pò ó mọ́ wọn, torí SON, àjọ tó ń bójú tó ojúlówó ọjà, ti sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 2002. Ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé fítámínì yìí ń ṣe lóore. Àmọ́ ó tún wà lára ohun tó ń pinnu ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò hù sí lára wa.

Ará Ọ̀tà mọ̀ pé ibi tí ilé-iṣẹ́ bá dé, ọkọ̀ ẹrù á wá ọ̀nà débẹ̀. Ẹran ara tó ń dàgbà náà ń wá ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀. Bí atẹ́gùn ò bá tó sẹ́ẹ̀lì kan mọ́, á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní VEGF. Napoleone Ferrara àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ lọ́dún 1989. Bí èròjà yìí bá kan iṣan tó wà nítòsí, iṣan náà á yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka náà á sì máa nà lọ síbi tí ìpè ti wá.

Lára àgbàlagbà, iṣan tuntun kì í kàn ṣàdédé hù. Ó ń hù níbi tí ọgbẹ́ ti ń jinná. Ó sì ń hù nínú ilé ọmọ lóṣooṣù: bí nǹkan oṣù bá ti parí, hòmóònù estrogen á ránṣẹ́ sí awọ inú ilé ọmọ pé kó tún ara rẹ̀ kọ́, VEGF á pọ̀ sí i níbẹ̀, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Hòmóònù thyroid, tó ń ti inú ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń wú di gègè wá, náà ń ran iṣan lọ́wọ́ láti hù.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ ìṣòro fáíbírọ́ọ̀dù, kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ. Estrogen àti progesterone ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń sún kì nígbà tí obìnrin ò bá rí nǹkan oṣù mọ́. Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà ń gbà tọ́jú rẹ̀ ni pé wọ́n á dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá a.

Fítámínì A ńkọ́? Ara ń sọ ohun tó mú epo pọ́n di fítámínì yìí, ẹ̀dọ̀ á sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lò ó, á sọ ọ́ di retinoic acid. Èyí á wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ, á jí àwọn jíìnì kan, á sì mú àwọn mìíràn dákẹ́, bí ọ̀pọ̀ hòmóònù náà ti ń ṣe.

Àìsí rẹ̀ léwu. Ọmọ eku tí kò lè ṣe retinoic acid máa ń kú nínú oyún, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì tò bó ṣe yẹ. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ ní Harvard rí i pé bí eku ò bá rí fítámínì A jẹ, iṣan á hù wọ iwájú ẹyinjú rẹ̀, níbi tó yẹ kó mọ́ gaara.

Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, retinoic acid kan náà ló ń dí ọ̀nà. Ọ̀tà mọ iṣẹ́ ẹyin dáadáa. Ẹyin adìyẹ tí ọmọ wà nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń dán ọ̀rọ̀ iṣan wò. Wọ́n á lu ihò kékeré sí èèpo rẹ̀, wọ́n á kán èròjà sórí awọ inú rẹ̀, wọ́n á wá wo bóyá iṣan ń pọ̀ sí i tàbí ó dúró. Nínú irú ìdánwò yìí, retinoic acid ti dá iṣan tuntun dúró.

Èyí ṣe pàtàkì fún jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1971 ni dókítà Judah Folkman sọ pé kókó jẹjẹrẹ ò lè tóbi bí kò bá fa iṣan tuntun sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún 1988, Wang Zhenyi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Shanghai ròyìn aláìsàn 24 tó ní irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan, tí wọ́n fún ní oògùn retinoic acid, tí àìsàn náà sì lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì oògùn náà ni pé ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó di èyí tó gbó. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó tún ń dín VEGF tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde kù.

Ìwọ̀n, àsìkò àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Nítorí náà, kí aláboyún má ṣe dá oògùn fítámínì A lò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Àpọ̀jù rẹ̀ lè ba ẹ̀yà ara ọmọ inú jẹ́. Oògùn ìrorẹ́ tí wọ́n ń pè ní isotretinoin, ọmọ ìyá fítámínì A, léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ inú. Epo pupa inú ọbẹ̀ ò ní irú ewu yẹn, torí pé ìwọ̀nba ni ara ń yí padà nínú rẹ̀.

Àmọ́ epo tí a gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi lọ, bíi ti ọbẹ̀ ayamáṣe, ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú oore yìí. Oòrùn náà ń ba fítámínì inú òróró jẹ́. Ìyá tó to ike òróró síta ní Sango láti àárọ̀ dalẹ́ lè gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí ohun tí ilé-iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ lè dé ìkòkò oníbàárà.