Kíkan Ògì àti Ààbò Oúnjẹ Ọmọ Ọwọ́

Ìfáàrà
Iṣẹ́ yìí dá lé ipa tí kíkan ògì ń kó nínú dídáàbò bo oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ní Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ lẹ́yìn ọmú ìyá. Àkókò yìí kan náà ni àrùn ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń yọ ọmọ lẹ́nu púpọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹ̀kọ ló ń fà á. Àwọn mìíràn gbà pé ohun tó bá ti kan kò lè ní kòkòrò àrùn nínú. Èrò tiwa ni pé kò sí èyí tó kún ojú òṣùwọ̀n nínú méjèèjì.

Bí ògì ṣe ń kan
A máa ń rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. A ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ kí eèrí lè yà kúrò, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò, kí ó sì kan. Ẹnikẹ́ni kì í fi ohun kíkan sí i. Àwọn bakitéríà ara àgbàdo àti ti inú ìkòkò ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ìwádìí tí I. A. Akinrele tẹ̀ jáde ní 1970, ó fi hàn pé Lactobacillus plantarum ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń mú ògì kan. Ṣúgà inú àgbàdo ni wọ́n ń sọ di ásíìdì. Bí ásíìdì ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pH ògì ń lọ sílẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí 4 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, Salmonella, Shigella àti ọ̀pọ̀ irú wọn kì í lè pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kú.

Ògì Dogik
D. K. Olukoya, onímọ̀ bakitéríà tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1957, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti Nàìjíríà ní Yábàá. Ní 1994, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ iṣẹ́ jáde lórí ògì tí wọ́n pè ní Dogik. Gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ṣa irúgbìn, wọ́n ṣa àwọn Lactobacillus tó lágbára láti dènà bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì fi wọ́n mú ògì kan. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ìkòkò ògì kọ́ ni agbára rẹ̀ dọ́gba.

Ibi tí ààbò náà mọ
Èkíní, bí a bá ń pààrọ̀ omi orí ògì lemọ́lemọ́ kí ó má baà kan jù, ásíìdì tó ń ṣọ́ ọ ni a ń dà nù. Bí a bá tún fi omi àti mílíìkì là á, agbára tó ṣẹ́ kù a tún dín kù.
Èkejì, Bacillus cereus a máa wọ inú èèpo líle tí omi gbígbóná kì í tètè pa. Bí ẹ̀kọ tí kò kan bá wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó lè jí, kí ó sì pọ̀ sí i.
Ẹ̀kẹta, a máa ń mu omidùn ní tútù, a sì ń fi rẹ egbò fún àgbo. Bí omi kànga bá ti dọ̀tí, kíkan kì í pa gbogbo kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn E. coli kan ń fara da ásíìdì.
Ẹ̀kẹrin, oró tí èbu ń fi sínú àgbàdo, tí a ń pè ní aflatoxin, kì í fi ògì sílẹ̀ tán nítorí kíkan tàbí síse.

Àgbálọgbábọ̀
Láti inú èyí, ó hàn pé ẹ̀ṣọ́ ni kíkan jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kí a ṣa àgbàdo tó bu kúrò kí a tó rẹ ẹ́. Kí a fi omi mímọ́ ṣe é. Kí a jẹ́ kí ó kan dáadáa. Kí a se é kí ó hó. Kí ọmọ sì mu ún kí ó tó pẹ́ nílẹ̀. Fún àwa olùwádìí, ẹ̀kọ inú ife ọmọ ni ó yẹ kí a máa wọn pH rẹ̀, kì í ṣe ògì inú ìkòkò nìkan, nítorí inú ife ni ọmọ ti ń mu ún.