Àtọ̀gbẹ: ẹni tí ẹ jọ ń sùn ló ń kọ́kọ́ rí i

Bí a bá dárúkọ Ore, ogun abẹ́lé tí wọ́n jà níbẹ̀ lọ́dún 1967 ló ń wá sọ́kàn àgbàlagbà. Oúnjẹ ló ń wá sọ́kàn arìnrìn-àjò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin ti máa ń dúró kí èrò jẹun, kí wọ́n sì tọ̀. Ẹnìkan lè wà nínú ọkọ̀ tó ti bẹ awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó dúró kí wọ́n tó dé Ore, tí omi inú ọ̀rá kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ nílé kò ní rẹ́rìn-ín, torí ó mọ iye ìgbà tó ń dìde lóru. Àmì àtọ̀gbẹ ni èyí lè jẹ́.

Oúnjẹ tí a jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Insulin, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ ń pèsè, ló ń jẹ́ kí ṣúgà yìí wọ ara kó sì di agbára. Bí insulin bá dín, tàbí tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi 180 (mg/dl), kíndìnrín kò ní lè dá a dúró tán. Á ṣàn sínú ìtọ̀, á sì fa omi ara dání. Ìdí tí ìtọ̀ fi ń pọ̀ nìyẹn, tí òùngbẹ fi ń gbẹni, tí èèrà fi ń bo ibi tí aláìsàn tọ̀ sí. Ara tí kò rí ṣúgà lò á wá máa jẹ ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀: oúnjẹ ń wọlé, ènìyàn sì ń rù.

Ní Ore àti Odigbo tó múlé tì í, àwáwí kì í wọ́n. Àgbẹ̀ kòkó rù, wọ́n ní iṣẹ́ oko ni. Ojú awakọ̀ ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní àìsùn ni. Ẹsẹ̀ kú tipiri, làkúrègbé ni. Ọgbẹ́ àdá kọ̀ kò jinná, ó di pé ó fẹsẹ̀ gbé oògùn. Obìnrin tí ojú ara ń yún lemọ́lemọ́ kì í sọ. Ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ti dín lórí ibùsùn, àgbo gáréèjì ló ń rà. Ta ló lè kó gbogbo èyí pọ̀, kó rí i pé àìsàn kan náà ni, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá? Kó là á mọ́lẹ̀: “Bàbá Ṣọlá, ìtọ̀ yín yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.”

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Bí ẹni tí kò jẹun fún wákàtí 8 bá ní 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ẹni tó ní àwọn àmì yìí bá ní 200 nígbàkigbà, àtọ̀gbẹ ni. Bí kò bá sí àmì kankan, dókítà á tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ẹ má sì dúró de èèrà o: ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kiri fún ọdún mélòó kan láìmọ̀.

Kì í ṣe àìsàn olówó, kì í ṣe tòní. Lọ́dún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ nípa aláìsàn 832. Ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 1992 rí i lára ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2018 gbé e sí nǹkan bíi 5.8.

Àtọ̀gbẹ kì í ràn. Síbẹ̀, lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ Yunifásítì McGill ní Kánádà rí i pé ewu rẹ̀ fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ní in. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ẹlẹ́rìndòdò kan náà ni wọ́n ń mu.

Bí èébì, mímí gúlegúle àti ọ̀rọ̀ ségesège bá bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tó wá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀: ẹ fún un ní ohun dídùn, àyàfi bó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu nígbà náà. Ewúro dára lọ́bẹ̀, kò lè rọ́pò oògùn dókítà.

Tí wọ́n bá rí i lára ọkọ, kí ìyàwó náà na ìka tirẹ̀. Ẹ jọ lọ láàárọ̀, kí ẹ má tíì jẹun.