Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Rán Síìtì Ni Ẹ̀mí Èrò Wà

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025, iṣẹ́ ọwọ́ 6 péré ló kù fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Láti 2011, 34 ni wọ́n, rírán ìjókòó sì wà lára wọn. Wọ́n ti yọ ọ́ báyìí. Ì bá dára kí àwọn tó yọ ọ́ kọ́kọ́ lọ dúró ní Upper Iweka, nítòsí ọjà Ochanja ní Onitsha, níbi tí ọkọ̀ Èkó, ti Enugu àti ti Owerri ti ń pàdé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti parí afárá odò Ọya ní 1965 ni ọkọ̀ ti ń rọ́ wọ ìlú náà. Nnewi tí kò jìnnà síbẹ̀ ni Augustine Ilodibe, tó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò Ekene Dili Chukwu sílẹ̀, ti wá. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti pọ̀, ẹni tó ń rán síìtì kò ní jìnnà síbẹ̀.

Láyé bòlẹ̀kájà, pákó ni èrò ń jókòó lé, káfíńtà ló sì ń kàn án. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ọ̀wọ́n gógó. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbòde. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ló jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lókè òkun, tí kò ní síìtì lẹ́yìn rárá. Wẹ́dà àti ẹni tó ń rán síìtì ló ń sọ wọ́n di ọkọ̀ èrò.

Tí síìtì gígùn àtijọ́ bá dé ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́, kì í fa awọ rẹ̀ ya. Abẹ ló fi ń tú ojú ìrán díẹ̀díẹ̀, torí awẹ́ àtijọ́ náà ni yóò tẹ́ sórí lẹ́dà tuntun láti fi gé e. Fóòmù tí ooru ti jẹ á máa rọ́ dànù bí ẹ̀lùbọ́. Nínú Volkswagen àtijọ́, fọ́nrán èèpo àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ pọ̀ ló máa ń bá níbẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn ni sípíríǹgì tó já àti irin tó dípẹtà wà. Wẹ́dà á jó irin, wọn á ha ìpẹtà, wọn á kùn ún lọ́dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àpò kókó tàbí aṣọ líle bo sípíríǹgì, kí ó má baà máa gé fóòmù tuntun láti ìsàlẹ̀. Ibí yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, torí èrò kò lè rí i. Lójú tèmi, olè ni wọ́n ń ja oníbàárà.

Fóòmù fífúyẹ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jìn, ìdí èrò á sì kan irin kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀rẹ̀. Èyí tó ki, bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kíá ló ń dìde padà. Láti 1962 ni wọ́n ti dá Vitafoam, ilé-iṣẹ́ fóòmù tó wà ní Ìkẹjà, sílẹ̀. Kì í ṣe pé a kò rí ohun èlò.

Ìdí síìtì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, síìtì tí bóòtù rẹ̀ kò wọlé dáadáa á fò síwájú tòun tèrò. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti wà láti 1988, wọ́n ń béèrè bẹ́líìtì. Kí ni bẹ́líìtì fẹ́ ṣe lórí síìtì tó ń mì? Fóòmù àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ tún ń gbiná wàrà, èéfín fóòmù sì ní májèlé. Ochanja mọ oró iná: ní 16 Oṣù Kẹwàá 2019, táńkà epo ṣubú ní Upper Iweka, iná rẹ̀ ran ọjà náà, ó sì pa ìyá kan àtọmọ rẹ̀.

Ní báyìí tí rírán síìtì kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì mọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti kọ́ ọ. Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n á kọ́ ọ dáadáa. Èyí tó ń fo àpò kókó á kọ́ ọ ní fífò. Kí ìjọba dá iṣẹ́ náà padà sínú ètò ẹ̀kọ́, kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, sì máa yẹ ìdí síìtì wò kí wọ́n tó fún ọkọ̀ níwèé. Ẹ̀yin èrò náà, ẹ fọwọ́ mi síìtì kí ẹ tó jókòó. Bí ó bá ń mì láti ìdí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ òmíràn.