Àkọ̀ fún Ohun Mímú Àwọn Agùnkè Yìnyín

Kò sí ilé tí a kò ti mọ ìwúlò àkọ̀. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Adẹ́mu pàápàá, bí ó ti wà lókè ọ̀pẹ, mọ̀ pé igbà tí ó gbé òun ró àti ọ̀bẹ tí ń bẹ ní ìbàdí òun kò gbọdọ̀ fi ara kan ara wọn. Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ènìyàn kan wà tí irú ọ̀ràn yìí kàn púpọ̀púpọ̀: àwọn ni agùnkè yìnyín. Ohun èlò wọn mú, ẹ̀mí wọn sì rọ̀ mọ́ okùn. Àkọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe láti inú àjákù ohun ilé ni a óò ṣàlàyé níhìn-ín.

Ohun èlò náà

Ní àárín ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí Faransé, Ítálì àti Swítsálándì gbé pàdé, ọ̀wọ́ òkè gíga kan wà tí a ń pè ní Alps. Mont Blanc, tí í ṣe èyí tí ó ga jù nínú wọn, ga ju 4,800 mítà lọ. Òtútù orí rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òjò dídì kì í fi í tán níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òjò dídì náà a sì máa ki pọ̀ di yìnyín, tí í le bí òkúta, tí í sì í yọ̀ bí ìgbà tí a da epo sórí àpáta.

Bàtà lásán kò lè dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn agùnkè ṣe ń de irin eléyín, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crampons, mọ́ abẹ́ bàtà wọn. Oscar Eckenstein, ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣètò irú èyí tí ó ní eyín mẹ́wàá ní ọdún 1908. Henry Grivel, alágbẹ̀dẹ ní Courmayeur ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó sì rọ ọ́. Ní ọdún 1929, Laurent Grivel fi eyín méjì kún un níwájú, kí agùnkè lè máa fi ṣóńṣó bàtà gún ògiri yìnyín bí ó ti ń gòkè.

Lẹ́yìn èyí, àáké yìnyín ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá kan orí àáké yìí gùn, ó sì mú bí ẹnu ẹyẹ àkókó. Apá kejì fẹ̀ bí ọkọ́ kékeré. Ìdí ọ̀pá rẹ̀ sì ní irin ṣóńṣó. Wọ́n a tún máa kó ìṣó oníhò tí ẹnu rẹ̀ ní eyín, èyí tí a ń yí wọ inú yìnyín láti so okùn mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè gún ènìyàn.

Ìdí tí àkọ̀ fi ṣe kókó

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó jẹ́ yìnyín. Agùnkè lè rìn lórí koríko àti òkúta fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó dé ibi tí yóò gbé lo irin wọ̀nyí. Ní gbogbo àkókò náà, inú àpò tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n wà, pẹ̀lú aṣọ òtútù, ike omi àti okùn. Bí eyín irin bá lu aṣọ òtútù, òtútù yóò wọlé. Bí ó bá lu ike omi, omi yóò dànù, aṣọ yóò sì tutù. Ṣùgbọ́n ti okùn ni ó le jù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1865, Edward Whymper àti àwọn mẹ́fà mìíràn dé orí òkè Matterhorn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yọ̀, ó sì fa àwọn mìíràn; okùn já láàrín wọn, ènìyàn mẹ́rin sì ṣubú kú. Àwọn kan sọ pé ẹni tí ó wà lókè ibi tí okùn gbé já ni ó gé e, ṣùgbọ́n ìwádìí ìjọba dá a láre. Okùn náà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lágbára tó. Àjákù rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Zermatt títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àìpé okùn náà ti wà kí wọ́n tó so ó mọ́ ara. Orí òkè ni ó gbé hàn.

Okùn òde òní, tí a fi náílọ́ọ̀nù hun, lágbára ju ti ìgbà náà lọ. Ó lè dá ènìyàn tí ó já bọ́ dúró. Síbẹ̀, bí ohun mímú bá kan okùn yìí nígbà tí ẹrù fà á le, kíá ni í gé. Bí irin bá sì ti ha á nínú àpò, olówó rẹ̀ lè má kíyèsí i títí yóò fi fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e.

Ìdí tí àkọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́

Irin eléyín ti ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ó bá jẹ́ irin líle, súnmọ́ kílò kan, ẹrù mìíràn sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá sì ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i: ní nǹkan bí 5,500 mítà, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí kò ju bí ìdajì ti etí òkun lọ. Òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, tí yìnyín orí rẹ̀ ń dínkù, ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 5,895 mítà ni. Ní irú ibẹ̀, ohun tí ó dàbí ìyẹ́ ní ilé a di ẹrù. Àkọ̀ tí ó wúwo ni a ń fi sílẹ̀ sílé. Èyí tí a sì fi sílẹ̀ sílé kò lè dáàbò bo okùn.

Bí a ti ń ṣe é

Ti irin eléyín ni èkínní. Aṣọ lásán kò tó, nítorí kò pẹ́ tí eyín yóò fi lu ú. Kí a wá kẹ́ẹ̀gì ike tí ara rẹ̀ nípọn, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì gé ara rẹ̀ tí ó tẹ́jú sí abala méjì. Kí a fi irin náà wọn abala wọ̀nyí, kí a má ṣe fi ojú díwọ̀n, kí etí ike sì yọ díẹ̀ ju irin lọ ní gbogbo ìhà. Kí a kọ eyín irin méjèèjì sí ara wọn, kí ti èkínní wọ àlàfo ti èkejì, bí ìgbà tí a fi ìka ọwọ́ kan bọ àárín ìka ọwọ́ kejì. Kí a fi abala ike méjì náà há wọn láàrín, kí a dè é pẹ̀lú rọ́bà tí a gé láti inú túùbù kẹ̀kẹ́, kí a sì kì í bọ àpò kékeré tí a fi aṣọ tapólì rán. Kí a fi ìṣó gbígbóná lu ihò mélòó kan sí ìdí àpò náà, kí omi lè máa ṣàn jáde.

Ti àáké ni èkejì. Kí a gé ègé rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, kí ó gùn tó ẹnu àáké, kí a là á ní ìhà kan, kí a sì fi bo ẹnu náà. Kọ́ọ̀kì tí a fi ń dí ìgò ni kí a fi bọ irin ìdí ọ̀pá. Nítorí pé méjèèjì lè bọ́ sọ́nù, kí a fi okùn rọ́bà so wọ́n pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Kí rọ́bà náà jẹ́ pupa, nítorí ewu kejì ń bẹ: ẹni tí ó bá gbàgbé àkọ̀ lẹ́nu àáké títí ó fi dé orí yìnyín, tí ó sì yọ̀, àáké rẹ̀ kò ní rí yìnyín dì mú.

Ti ìṣó oníhò ni ẹ̀kẹta. Páìpù ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìṣó lè wọ̀ tó fún un, bí a bá fi ìdérí dí ìdí rẹ̀. Páìpù kan fún ìṣó kan ni, kí eyín ọ̀kan má ba ti èkejì jẹ́.

Ìtọ́jú

Àkọ̀ tí ó tutù ni ilé ìpáàrà. Bí agùnkè bá ti padà dé, kí ó yọ gbogbo irin kúrò nínú àkọ̀, kí ó nù wọ́n, kí ó sá wọn títí wọn yóò fi gbẹ, kí ó sì fi epo díẹ̀ pa wọ́n lára. Bí irin bá gún ènìyàn, kí a fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà dáradára, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí í di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn pa, tí í sì í mú gbogbo ara gan. Ojú egbò lè kéré, kí ó sì jìn. Irú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Kí a tó gbẹ́kẹ̀lé àkọ̀ tuntun, ó dára kí a dán an wò. Kí a fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, kí a gbé e sínú àpò pẹ̀lú ẹrù mìíràn, kí a gbé àpò náà rìn fún wákàtí kan, kí a sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Lẹ́yìn náà kí a tú ìwé náà wò sí ìmọ́lẹ̀. Bí ihò kan ṣoṣo bá wà lára rẹ̀, àkọ̀ náà kò tíì parí, kò sì tíì yẹ kí ó bá okùn gbé inú àpò kan náà.